Akin Euba: Ọmọ Èkó tó fi dùndún kọ ọ́pẹ́rà nípa Shaka Zulu, kí ló rí ní Jámánì tí kò rí nílé?

Bí ẹ bá ń rìn lójú pópó Rockey àti Raleigh ní Yeoville, ládùúgbò kan nílùú Johannesburg, ẹ kò ní rìn jìnnà kí etí yín tó gbọ́ èdè mẹ́rin tàbí márùn-ún. Lingala àti Faransé ń jáde lẹ́nu àwọn ará Congo, Shona àti Ndebele lẹ́nu àwọn ará Zimbabwe, Zulu lẹ́nu onílé, Ígbò, Yorùbá àti pidgin lẹ́nu àwọn ọmọ Nàìjíríà.

Orin náà kò gbẹ́yìn. Rumba, amapiano, orin ìyìn àti Afrobeats ń bá ara wọn du etí ẹni tó ń kọjá, láti iwájú ṣọ́ọ̀bù kan dé òmíràn.

Orúkọ kan wà tí gbogbo ẹni tó ń gbé níbẹ̀ mọ̀, ìyẹn Shaka, ọba àwọn Zulu. Orúkọ kejì wà tí kì í ṣe gbogbo ọmọ Yorùbá ibẹ̀ ló mọ̀ ọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń jẹ́ ẹ ti so ìtàn Yorùbá àti ti Zulu pọ̀ tipẹ́. Akin Euba ni orúkọ náà.

Lọ́dún 1970, Euba, ọmọ bíbí ìlú Èkó, mú ìtàn Shaka, ó sì sọ ọ́ di ọ́pẹ́rà tí ìlù dùndún wà láàárín rẹ̀. Lọ́dún náà gan-an, òfin ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà kò gbà kí aláwọ̀ dúdú yá ilé ní Yeoville. Àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni wọ́n ya àdúgbò náà sọ́tọ̀ fún.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í béèrè nípa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé, ta ló ń bọ́ ẹni tó ń ṣe é? Òǹkọ̀wé orin bíi Euba kì í ṣeré níbi ìnáwó kí wọ́n máa ná an lówó, bẹ́ẹ̀ ni àwo orin rẹ̀ kì í tà wàràwàrà. Níbo ló ti rí àkókò, yàrá àti owó oṣù tó fi ṣiṣẹ́?

Apá kan nínú ìdáhùn náà wà ní ilé kan ní Jámánì tó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá.

Ta ni Akin Euba?

Ọjọ́ 28, oṣù Kẹrin, ọdún 1935 ni wọ́n bí Olatunji Akin Euba nílùú Èkó. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ìka rẹ̀ lé pianó, kó tó lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ tó jẹ́ òyìnbó.

Kì í ṣe ohun àjèjì ní Èkó ìgbà náà pé kí ọmọ máa kọ́ dùùrù. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ní dùùrù tiwọn, àwọn bíi T.K.E. Phillips àti Fẹlá Ṣówándé sì ti fi hàn pé ọmọ Yorùbá lè kọ orin sílẹ̀ lórí ìwé, kí àwọn ẹlòmíràn sì kà á, kí wọ́n fi kọrin. Ayọ̀ Bánkọ́lé, òǹkọ̀wé orin mìíràn tó di gbajúmọ̀, àti Euba, ọdún kan náà ni wọ́n bí wọn.

Lọ́dún 1952, nígbà tí Euba kò tíì ju ọmọ ọdún 17 lọ, ó wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú London láti kẹ́kọ̀ọ́ ní Trinity College of Music. Ó lo ọdún márùn-ún níbẹ̀, ó sì gba oyè nínú pianó títẹ̀ àti orin kíkọ.

Ẹ ó rántí pé ilé ẹ̀kọ́ yìí kan náà ni Fẹlá Aníkúlápó Kútì lọ. Euba parí lọ́dún 1957, Fẹlá dé London lọ́dún 1958. Nígbà tí àwọn méjèèjì padà sílé, kálukú wọn ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀ ní ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba, Nigerian Broadcasting Corporation. Euba tilẹ̀ di olórí ẹ̀ka orin níbẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ kan náà, ilé iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn pínyà. Fẹlá gba ilé ijó lọ, gbogbo ayé sì gbọ́. Euba jókòó ti ìwé àti pẹ́ńsù.

Kí ni iṣẹ́ òǹkọ̀wé orin gan-an?

Olórin jùjú tàbí fújì lè ronú orin sínú, kó kọ ọ́ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ níbi ìdánrawò, kí kálukú sì wá ohun tí yóò ṣe sí i. Orin náà ń yí padà bó ṣe ń dàgbà.

Ti òǹkọ̀wé orin classical yàtọ̀. Gbogbo ohùn tí ohun èlò kọ̀ọ̀kan yóò fọ̀, ìgbà tí yóò fọ̀ ọ́, bí yóò ṣe le tó àti bí yóò ṣe pẹ́ tó, inú ìwé ló gbọ́dọ̀ wà. Bí àádọ́ta èèyàn bá fẹ́ ṣeré, wọ́n nílò ìwé tí kálukú yóò máa wò.

Kí kọ̀ǹpútà tó gbòde, ọwọ́ ni wọ́n fi ń da gbogbo rẹ̀ kọ. Orin tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lè gba oṣù mélòó kan. Ní gbogbo àkókò náà, kò sí owó tó ń wọlé láti inú rẹ̀.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé láti ayébáyé, ẹnìkan ló gbọ́dọ̀ gba irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ra: ọba, ṣọ́ọ̀ṣì, fásitì tàbí ìjọba.

Ẹni tó lọ Amẹ́ríkà kí ó tó mọ dùndún

Lọ́dún 1962, Euba rí owó ìrànwọ́ gbà lọ́dọ̀ àjọ Rockefeller, ó sì lọ sí Fásitì California ní Los Angeles. Ó gba oyè àkọ́kọ́ níbẹ̀ lọ́dún 1964, ó sì gba ìkejì lọ́dún 1966.

Ẹ̀kọ́ tó kọ́ níbẹ̀ kì í ṣe orin òyìnbó mọ́. Ó kọ́ bí a ṣe ń ṣèwádìí nípa orin àwọn èèyàn níbi tí wọ́n ti ń lò ó, yálà lójúbọ, lóko tàbí níbi ìnáwó. Ọ̀kan lára àwọn tó tọ́ ọ sọ́nà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n J.H. Kwabena Nketia, ọmọ Ghana tó jẹ́ àgbà nínú ìmọ̀ orin Áfíríkà.

Nígbà tó padà, ó ṣiṣẹ́ ní Fásitì Èkó, lẹ́yìn náà ni Fásitì Ifẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí i jókòó ti àwọn onílù, ó ń gba ohùn wọn sílẹ̀, ó ń béèrè ìtumọ̀ ohun tí ìlù ń wí. Iṣẹ́ lórí dùndún yìí ló fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Fásitì Ghana, Legon, lọ́dún 1974.

Kì í ṣe òun ni àkọ́kọ́ láyé tó gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Béla Bartók, ọmọ Hungary, gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wọ abúlé lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, ó gba orin àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi ohun tó gbọ́ tún orin tirẹ̀ ṣe. Euba ṣe bákan náà nílẹ̀ Yorùbá.

Báwo ni Yorùbá ṣe dé ìdí ìtàn Shaka?

Shaka ló sọ àwọn Zulu di ìjọba ńlá, kí àwọn àbúrò rẹ̀ tó pa á lọ́dún 1828. Àwọn kan ń pè é ní akọni, àwọn mìíràn ń pè é ní apààyàn.

Thomas Mofolo, òǹkọ̀wé ọmọ Lesotho, fi èdè Sesotho kọ ìwé ìtàn kan nípa rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1925. Ìwé náà ló ru Léopold Sédar Senghor, tó padà di ààrẹ àkọ́kọ́ ní Senegal, sókè láti kọ ewì tirẹ̀, tó wà nínú ìwé ewì rẹ̀, Éthiopiques, ti ọdún 1956. Ó fi ewì náà rántí àwọn aláwọ̀ dúdú tó kú nínú ìjìyà ní Gúúsù Áfíríkà.

Nínú ewì Senghor, Shaka ń kú lọ. Ohùn aláwọ̀ funfun kan ń bá a ṣẹjọ́, ó ń ka ẹ̀sùn sí i lọ́rùn, ó ń bi í léèrè ìdí tó fi pa Nolivé, obìnrin tó fẹ́ràn. Shaka ń fèsì pé òun ti rí àwọn tó ń bọ̀ láti òkè òkun, tí wọn yóò gba ilẹ̀, tí wọn yóò sọ àwọn èèyàn òun di ẹrú iṣẹ́. Ní apá kejì, ìjà rọlẹ̀, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ti òru ló kù.

Apá méjèèjì yìí ni Euba fi orin wọ̀. Orúkọ ọ́pẹ́rà náà ni Chaka. Ohun èlò òyìnbó wà níbẹ̀, ègbè wà níbẹ̀, ìlù dùndún àti àwọn ohun èlò ìbílẹ̀ mìíràn sì wà níbẹ̀.

Kí ni dùndún wá ṣe nínú ọ̀rọ̀ ọba Zulu? Ẹni tó bá ti dé ààfin ọba rí nílẹ̀ Yorùbá kò ní béèrè. Onílù ló ń jí ọba, òun ló ń ki ọba, òun náà ló lè fi ìlù sọ ohun tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fi ẹnu sọ.

Àwọn Zulu náà ní tiwọn. Izibongo ni wọ́n ń pe oríkì, imbongi sì ni ẹni tó ń ki ọba. Bí oríkì wa, izibongo kì í ṣe ìyìn nìkan. Ó ń ka ogun tí ọba jà, ó ń dárúkọ baba ńlá rẹ̀, ó sì lè fọgbọ́n bá a wí. Bí ọmọ Zulu kan àti ọmọ Yorùbá kan bá jókòó pọ̀ ní Yeoville lónìí, kò ní pẹ́ kí wọ́n tó rí i pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Pianó tó ń sọ̀rọ̀ bí ìlù

Euba ló fún ọ̀nà ìkọrin kan lórúkọ tí àwọn onímọ̀ orin ń lò títí di òní: African pianism, ìyẹn ọ̀nà tí Áfíríkà ń gbà tẹ pianó.

Láti lóye rẹ̀, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara èdè. Nínú Yorùbá, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn ló yà wọ́n. Ìdí nìyí tí ìlù fi lè sọ̀rọ̀: ìyáálù ń gbé ohùn lọ sókè, ó ń gbé e sọ̀kalẹ̀ bí onílù ṣe ń fún okùn awọ ara rẹ̀ mọ́ra, tó sì ń tú u sílẹ̀.

Ìdí náà nìyí tí orin ìsìn tí wọ́n túmọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì fi máa ń dún bákan létí nígbà mìíràn. Orin ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti yẹ kó sọ̀kalẹ̀, ìtumọ̀ á sì dàrú.

Euba wo pianó, ó ní kì í ṣe ohun èlò olókùn nìkan. Bí a bá tẹ ìka mọ́ ọn, òòlù kékeré ló ń lu okùn nínú rẹ̀. Nítorí náà, ìlù ni pianó pẹ̀lú.

Bí ẹgbẹ́ dùndún bá ń lù, kẹríkẹrì, ìsáájú àti gúdúgúdú máa ń di ìlù kan mú lemọ́lemọ́, tí kò ní yí padà. Lórí ìyẹn ni ìyáálù yóò ti máa sọ̀rọ̀. Nínú African pianism, ọwọ́ kan lè di ohùn kúkúrú kan mú bíi gúdúgúdú, kí ọwọ́ kejì máa sọ̀rọ̀ bí ìyáálù. Ẹni tó bá ń retí orin aládùn tó ń ṣàn bí omi kò ní rí i níbẹ̀. Yóò gbọ́ ohùn tó ń lu ara wọn, tó ń pe ara wọn, tó ń dá ara wọn lóhùn.

Àwọn mìíràn ti gba ọ̀nà náà lẹ́yìn rẹ̀, lára wọn ni Joshua Uzoigwe, ọmọ Ígbò. Nketia náà kọ àwọn orin pianó tó fi orúkọ African Pianism pè.

Kí ni ìgbàlejò oníṣẹ́ ọnà?

Ètò yìí, tí àwọn òyìnbó ń pè ní artist residency, rọrùn láti ṣàlàyé. Ilé kan, fásitì kan tàbí ìlú kan yóò ní kí oníṣẹ́ ọnà wá máa gbé lọ́dọ̀ òun fún oṣù mélòó kan tàbí ọdún mélòó kan. Wọn yóò fún un ní yàrá, ibi iṣẹ́ àti owó tí yóò fi jẹun. Òun yóò máa ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Yorùbá mọ nǹkan yìí kí òyìnbó tó fún un lórúkọ. Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, agbẹ́gilére tí òkìkí rẹ̀ kàn dé London, gbé ní ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ nígbà tó ń gbẹ́ àwọn òpó àti ilẹ̀kùn rẹ̀, láàárín nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914. Ọba ló ń bọ́ ọ. Ọ̀kan lára àwọn ilẹ̀kùn náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum títí di òní.

Ohun tó yẹ ká kíyè sí ni pé ẹni tó ń gbàlejò kò fi dandan béèrè ohun tí yóò tà. Àkókò ló ń fún àlejò náà.

Ilé tó ń jẹ́ Ìwàlẹwà ní ìlú Wagner

Ní Bayreuth, ìlú kékeré kan ní gúúsù Jámánì, ni ilé kan wà tó ń jẹ́ Iwalewa-Haus. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí gbogbo wa mọ̀ ni: ìwà lẹwà.

Ulli Beier ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1981, lábẹ́ Fásitì Bayreuth. Beier ti gbé nílẹ̀ Yorùbá láti ọdún 1950, ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ nílùú Ìbàdàn lọ́dún 1961, ó sì bá Dúró Ládípọ̀ ṣiṣẹ́ nígbà tí Mbari Mbayo bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo lọ́dún 1962. Ó gbé ohun tó kọ́ níbẹ̀ lọ sí Jámánì.

Bayreuth kì í ṣe ìlú lásán nínú ìtàn orin. Ibẹ̀ ni Richard Wagner, ọ̀kan lára àwọn òǹkọ̀wé ọ́pẹ́rà tó lókìkí jù láyé, kọ́ ilé ìtàgé tirẹ̀ sí, èyí tó ṣí lọ́dún 1876. Ọba Bavaria ràn án lọ́wọ́ pẹ̀lú owó. Ìtàn àwọn òrìṣà àti akọni ilẹ̀ Jámánì ni Wagner fi orin sọ, àwọn èèyàn láti gbogbo ayé sì ṣì ń wá síbẹ̀ lọ́dọọdún láti gbọ́ wọn.

Ìlú yìí ni Akin Euba dé lọ́dún 1986, gẹ́gẹ́ bí olùwádìí àti oníṣẹ́ ọnà tí Iwalewa-Haus gbà lálejò. Ó wà níbẹ̀ títí wọ inú àwọn ọdún 1990.

Lọ́dún 1986 kan náà ni ìjọba ológun Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò ọrọ̀ ajé SAP. Iye náírà já wálẹ̀, owó oṣù olùkọ́ fásitì kò tó nǹkan mọ́, ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n sì di ẹrù wọn lọ sí òkè òkun láàárín ọdún díẹ̀. Ẹni tí kò rí ìwé kà nínú ilé ìkàwé fásitì, níbo ni yóò ti rí ẹgbẹ́ ọ̀kẹ́sítírà tí yóò lu orin tó kọ?

Kí ni Euba ṣe ní Bayreuth?

Àwọn iṣẹ́ tó jáde láàárín ìgbà náà pọ̀ débi pé wọ́n fi ohun tí àkókò lè ṣe hàn:

• Wakar Duru (1987): àwọn orin pianó tó fi ọ̀nà African pianism hàn kedere.

• Essays on Music in Africa: apá àkọ́kọ́ ìwé yìí jáde lọ́dún 1988 láti Iwalewa-Haus fúnra rẹ̀.

• Yoruba Drumming: The Dùndún Tradition (1990): ìwé ńlá tó kó ìwádìí ọ̀pọ̀ ọdún jọ lórí dùndún, àwọn onílù, bí wọ́n ṣe ń kọ́ iṣẹ́ àti ohun tí ìlù ń sọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ nípa dùndún lónìí kò lè fò ó dá.

• Ilé ìpamọ́ orin: Euba ṣa orin àwọn òǹkọ̀wé orin Áfíríkà jọ sí Iwalewa-Haus, ó sì ṣe ìwé tó to orúkọ wọn lẹ́sẹẹsẹ, tó jáde lọ́dún 1993.

Kókó tó gbẹ̀yìn yìí ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lójú lọ. Orin tí kò sí lórí àwo, tí wọn kò tẹ̀ jáde, inú àpótí ẹni tó kọ ọ́ ló ń gbé. Bí ó bá kú, tí ilé jó tàbí tí òjò wọlé, orin náà ti lọ nìyẹn. Ẹni tí wọ́n fún ní yàrá lò ó láti wá yàrá fún iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn.

Bákan náà, Bayreuth ni wọ́n ti tẹ ìwé tí Joshua Uzoigwe kọ nípa ìgbésí ayé àti orin Euba jáde lọ́dún 1992. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, Euba tún dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní London, Centre for Intercultural Music Arts, láti máa kó àwọn tó ń fi orin àṣà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ jọ.

Ta ló ń gbọ́ ọ?

Ìbéèrè kan wà tí kò yẹ ká sá fún. Bí ọmọ Yorùbá bá lọ jókòó sí Jámánì, tó fi pianó kọ orin tó dà bí ìlù, tí onílù tó kọ́ ọ níṣẹ́ kò sì gbọ́ orin náà rí, ta ni orin ọ̀hún wà fún?

Àwọn kan gbà pé orin fún àwọn ọ̀mọ̀wé lásán ni. Wọ́n ní dùndún kò nílò pianó kó tó níyì, àti pé Ládípọ̀ ti fi Ọba Kò So hàn pé Yorùbá lè ní eré olórin tirẹ̀ láìsí ọ̀kẹ́sítírà.

Ọ̀rọ̀ wà nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọjà. Àwọn ará Hungary tó gbọ́ Bartók nígbà ayé rẹ̀ kò pọ̀, òun kan náà wá di ìgbéraga orílẹ̀èdè wọn. Ohun tó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ni pé ilé ẹ̀kọ́ ń kọ́ ọmọ ní orin rẹ̀, rédíò ń lù ú, ìwé rẹ̀ sì wà lọ́jà.

Ìyẹn gan-an ni ohun tó ṣọ̀wọ́n fún Euba nílé. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn gbọ́ orin rẹ̀ tí wọ́n kọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ kò ní àǹfààní àtigbọ́ ọ ni.

Láti Pittsburgh dé òpin

Láti Bayreuth, Euba kọjá sí Amẹ́ríkà, níbi tó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n orin ní Fásitì Pittsburgh lọ́dún 1993. Ibẹ̀ ló wà títí tó fi fẹ̀yìntì lọ́dún 2011. Láti 2001, ó ń ṣètò àpérò ní Fásitì Cambridge fún àwọn òǹkọ̀wé orin láti Áfíríkà àti àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà káàkiri ayé.

Ọ́pẹ́rà Chaka pàápàá kò kú. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, ẹgbẹ́ City of Birmingham Touring Opera ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lórí àwo, Simon Halsey ló darí wọn.

Akin Euba kú lọ́jọ́ 14, oṣù Kẹrin, ọdún 2020, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kó pé ẹni ọdún 85. Àsìkò tí àrùn Covid-19 ti ti ọ̀pọ̀ ayé mọ́lé ni.

Ṣé ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé orin gbọ́dọ̀ lọ Jámánì lónìí?

Kò di dandan mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè kò tíì pọ̀ tó.

Ní Johannesburg, Bag Factory ní Fordsburg ti ń gba oníṣẹ́ ọnà lálejò láti ọdún 1991, àwọn ayàwòrán ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Lọ́dún 2016, William Kentridge àti Bronwyn Lace dá Centre for the Less Good Idea sílẹ̀ ní Maboneng, tí kò jìnnà sí Yeoville. Níbẹ̀, olórin, oníjó àti òṣèré lè jọ dán nǹkan tuntun wò láìbẹ̀rù pé yóò kùnà.

Ní Nàìjíríà, Yinka Shonibare, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní London, kọ́ ilé ìgbàlejò oníṣẹ́ ọnà méjì, ọ̀kan nílùú Èkó, ìkejì nínú oko lágbègbè Ìjẹ̀bú. Wọ́n ṣí wọn lọ́dún 2022. Ilé ẹ̀kọ́ orin MUSON náà wà ní Onikan, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní orin kíkà àti kíkọ.

Ohun tó ṣì kù ni pé kí ibi tí ìwé orin yóò máa gbé wà nílé pẹ̀lú, kí ọmọ tó wà ní Ìbàdàn tàbí Ìlọrin má baà kọ lẹ́tà sí Bayreuth kó tó rí orin tí ọmọ Èkó kọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Yeoville

Òfin tó ya Yeoville sọ́tọ̀ fún aláwọ̀ funfun kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dún 1991. Lónìí, àwọn ọmọ Áfíríkà láti orílẹ̀èdè púpọ̀ ló ń gbé ibẹ̀, àmọ́ kì í fi gbogbo ìgbà rọgbọ. Ìkọlù sí àwọn àjèjì ti wáyé ní Johannesburg àti àwọn ìlú mìíràn lọ́dún 2008, 2015 àti 2019. Lẹ́yìn ti 2019, bàálù Air Peace ló gbé àwọn ọmọ Nàìjíríà kan padà sílé.

Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré pé ọmọ Lesotho kọ ìtàn ọba Zulu, ọmọ Senegal sọ ọ́ di ewì, ọmọ Yorùbá sì fi dùndún sọ ọ́ di ọ́pẹ́rà. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò béèrè bóyá Shaka jẹ́ ti òun.

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ Euba fúngbà àkọ́kọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ́pẹ́rà. Ẹ wá Scenes from Traditional Life, orin pianó tó kọ lọ́dún 1970, tàbí Wakar Duru. Ẹ fetí sí ọwọ́ tó ń di ìlù mú, kí ẹ tó wá tẹ̀lé ọwọ́ tó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ti jókòó síbi ìnáwó Yorùbá rí, tí onílù sì ti kì í ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, kò ní pẹ́ mọ ẹni tó ń pè é.